Ọbẹ̀ Màlúù Kò Fẹ́ Ìkánjú

Ọ̀kan nínú yín bi mí léèrè bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń se ọbẹ̀ màlúù wọn tó ki, èyí tí wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun róbótó róbótó tó ń jẹ́ dọ́ńpílìn lé lórí. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìtìjú tèmi.

Ní ọdún 1998 ni, nígbà òtútù, ní Manchester. Ọkọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́, èmi ń ṣiṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀, owó kò sì tó wa ná. Mo fi èyí tó kù lọ́wọ́ wa ra ẹran ojúgun màlúù, nítorí òun ni kò wọ́n lọ́dọ̀ alápatà. Mo gbé e ka iná ńlá, ó ń hó kutukutu. Mo po ìyẹ̀fun tagbáratagbára bí ẹni fẹ́ ṣe búrẹ́dì. Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, ọkọ mi jẹ ẹran náà títí, ó ní, “Ìyá ọmọ mi, ẹran yìí ń bá mi jà.” Dọ́ńpílìn ńkọ́? Òkò ni. Ebi la sùn, omijé sì bọ́ lójú mi.

Màmá òyìnbó kan tó ń gbé ilé kejì ló là mí lójú. Ọmọdé ni nígbà ogun Hitler. Láti 1940 títí di 1954 ni ìjọba wọn fi ń wọn ẹran fún olúkúlùkù, dọ́ńpílìn yìí ni ìyá rẹ̀ sì fi ń mú kí ẹran díẹ̀ yó ọmọ púpọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹran ojúgun kún fún iṣan. Iná ńlá a máa sọ ọ́ di líle. Iná jẹ́jẹ́ fún bíi wákàtí 3 ní í yọ́ iṣan náà, tí omi ọbẹ̀ yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ètè bí ti bọ̀kọ́tọ̀.

Fún ènìyàn 6, ẹ gé ẹran kílò 1 ní ńlá ńlá. Ẹ fi iyọ̀, ata àti ìyẹ̀fun ṣíbí 2 pa á lára. Ẹ dín in díẹ̀díẹ̀ kó pọ́n dáadáa. Bí ẹ bá kó o kún ìkòkò, omi ni yóò sun, kò ní pọ́n. Ẹ fi àlùbọ́sà 2, kárọ́ọ̀tì 4 àti táímù díẹ̀ sí i, kí ẹ bu omi bò ó. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù kí ojú ọbẹ̀ kàn máa mì díẹ̀, kí ẹ dé e.

Nígbà tí ṣíbí bá lè gé ẹran, ẹ po ìyẹ̀fun gíráàmù 200 mọ́ bákínpáúdà ṣíbí tíì 2, iyọ̀ díẹ̀, àti ọ̀rá gíráàmù 100 tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́. Ọ̀rá líle tó yí kíndìnrín màlúù ká ni kí ẹ bi alápatà. Bí kò bá sí, bọ́tà tó tutù tó. Ẹ máa ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì mọ́ra. Ẹ má ṣe pò ó jù! Ẹ mú un ní róbótó 12, ẹ tò ó sórí ọbẹ̀, kí ẹ dé ìkòkò pa fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe yọjú wò ó, nítorí ooru inú ìkòkò ló ń se òkè rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tún un sè. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ títí àwo fi mọ́, ó sì tún na àwo náà sí mi.

Owó kékeré kọ́ ló ba oúnjẹ mi jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ líle ni. Àwọn àgbà kò purọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.