Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé Kì Í Ṣe Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Sí Báńkì

Lọ́dọọdún tí ìdánwò JAMB bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: bí ọmọ kò bá rí ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin kà, kí ó yáa ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ó ṣe tán, báńkì yóò gbà á síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú.

Ìmọ̀ ìṣèlú ni èmi kà ní yunifásítì, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, mo lè sọ olóṣèlú tí yóò jèrè níbẹ̀. N kò lè ṣírò ohun tí yóò ṣe sí owó ọkọ̀ àti owó gàrí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lọ́jà pàṣípààrọ̀. Àwa onímọ̀ ìṣèlú pariwo. Ariwo wa pọ̀ ju ìṣirò wa lọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP dé, àwọn àjọ ayánilówó àgbáyé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń darí àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Addis Ababa, kò fi èébú dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1989, àjọ rẹ̀ gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ fún Áfíríkà ní èdè tí àwọn ayánilówó fúnra wọn ń sọ. Wọn kò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Mo mọ̀ pé ebi kì í jẹ́ kí òbí ronú jìnnà. Iṣẹ́ báńkì kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí mo ń bá wí gan-an ni àwọn olùkọ́ tó ń sọ fún ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìlú pé kò nílò ìṣirò. Bí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, wọn kò ní gbà á wọlé fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, kò sì ní mọ ohun tó pàdánù títí àgbà yóò fi dé. Mo tún ti pàdé akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé tó wà ní ọdún ìparí, tí kò ṣí ìwé ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wò rí. Ta ló kọ́ ọ, kí sì ni wọ́n kọ́ ọ?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá kọ ọrọ̀ ajé sínú fọ́ọ̀mù JAMB lọ́dún yìí, ẹ má bi í ní báńkì tó fẹ́. Ẹ bi í ní iye tí Nàìjíríà ń san lórí gbèsè, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ wá a.