Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Ká Ti Múra De Omíyalé

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi ya láti ìsédò Alau, ó bo Maiduguri mọ́lẹ̀. Ó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde nílé, ó sì wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi. Àwọn alábòójútó ọgbà náà ní èyí tó kú lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹranko tó wà níbẹ̀. Ọ̀nì àti ejò bá omi wọ àdúgbò. Ẹni tó ń sá fún omi tún wá ń sá fún ọ̀nì.

Ará Erínjẹ ní Òkìtìpupa, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè ní Maiduguri jìnnà. Ó jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ olómi ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, Ayétòrò ní Ìlàjẹ ò sì jìnnà. Láti ọdún 1947 tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó, òkun ti gbé ilé àti ilé iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe, síbẹ̀ òkun ò yé jẹ ilẹ̀. Ìlú tó bá fi gbogbo ìmúra rẹ̀ lé Àbújá lọ́wọ́, kó wo Ayétòrò.

Kì í ṣe pé ìkìlọ̀ kì í wá. Lọ́dún 2022, àjọ NiMet tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí àti NIHSA tó ń mójú tó omi odò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé omi máa pọ̀. Nígbà tó dé, ó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. NiMet tilẹ̀ ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde ní ṣókí lédè Yorùbá. Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ bí ìwé náà bá parí sí ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́? Ọjà Erínjẹ ló yẹ kí wọ́n ti kà á, kí akéde sì fi ẹnu Ìkálẹ̀ sọ ọ́ yíká àdúgbò.

Ẹ wo bí ìkìlọ̀ ṣe lè ran obìnrin tó ń ṣe púpurù lọ́wọ́. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, yóò fún un gbẹ, yóò mọ ọ́n róbótó, yóò wá tò ó sórí àjà lókè iná títí èéfín yóò fi sọ èèpo rẹ̀ di dúdú. Bí omi bá dúró sórí ebè fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀gẹ́ jẹrà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tètè gbọ́ pé òjò ọdún náà máa lágbára, yóò kọ́kọ́ wa ti ilẹ̀ àkùrọ̀, yóò fi ṣe púpurù, yóò sì yan án gbẹ pamọ́. Púpurù tó gbẹ dáadáa kì í tètè bàjẹ́. Oúnjẹ pàjáwìrì ti wà nílé wa kí ìjọba tó kó ìrẹsì wá.

Ọ̀rọ̀ ẹranko wá ńkọ́? Bí omi bá kún àkùrọ̀, òyà, ẹtu àti òkété á sá gun ilẹ̀ gíga, wọ́n á sì bá ìbọn àti ajá níbẹ̀. Èyí tí omi ò pa, àwa la ó pa á. Nígbà tí ìjì Idai jà ní Mòsáńbíìkì nínú oṣù kẹta ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ẹranko ńlá ní ọgbà Gorongosa rí ilẹ̀ gíga sá sí, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré bí ìgalà dín kù púpọ̀. Àwọn olùṣọ́ igbó ibẹ̀ ló tún ń pín oúnjẹ fún àwọn abúlé tí omi ká mọ́. Ẹni tó mọ igbó ló mọ ibi tí omi ń gbà, ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká yọ àwọn ọdẹ Erínjẹ sẹ́yìn. Kí àwọn àti ọba jọ fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹranko tí omi lé jáde títí omi yóò fi fà, kí ẹnikẹ́ni má sì ro igbó etí odò. Ejò náà yóò wọlé, ó dájú, nítorí náà kí oògùn oró ejò ti wà nílé ìwòsàn ní Òkìtìpupa.

Oṣù kẹta ni òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa pe ìpàdé ìmúra sílẹ̀ nínú oṣù kìíní, kó pe ọba, olórí ọdẹ àti ìyálọ́jà sí i, kí wọ́n yan ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè tí àwọn ènìyàn yóò sá sí, kí wọ́n sì ti kó gọ́tà tán kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.