Kọ̀ǹpútà Àtòpọ̀: Kí Ẹ̀yà Bá Ẹ̀yà Mu, Kí Owó Má Ṣòfò



Lẹ́tà tó ń wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣeé ṣe mọ́ láti máa dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. Ọmọ ti wọ yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé, tàbí kí ó máa kọ́ bí a ti ń gé fídíò tí a ń tò ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára bàbá. Ẹnìkan wá sọ fún wọn pé kí wọ́n ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì tò ó pọ̀, pé yóò dínwó. Òótọ́ ni, ó lè dínwó. Ṣùgbọ́n owó àjọ oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọjà náà, wọn kò sì mọ ohun tó bá ohun mu.

Ìdílé kan tí a mọ̀ ṣe é báyìí. Ní oṣù kìn-ín-ní wọ́n ra prósẹ́sọ̀ nítorí pé wọ́n rí i lówó pọ́ọ́kú. Ní oṣù kejì wọ́n ra RAM. Ó di oṣù karùn-ún kí wọ́n tó ra mọ́dábọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ tí wọ́n tan iná sí i, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Kí ló dé? Prósẹ́sọ̀ wọn jẹ́ ìran keje ti Intel, mọ́dábọ́ọ̀dù sì jẹ́ ti ìran kẹjọ. Orúkọ kan náà ni ihò àwọn méjèèjì ń jẹ́, LGA 1151. Prósẹ́sọ̀ náà wọlé wẹ́kú, kò sí ẹni tí kò ní gbà pé wọ́n bára mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran kẹjọ jáde ní 2017, Intel ti yí bí iná ṣe ń gba inú ihò náà padà. Ọjọ́ méje péré ni ẹni tó ta prósẹ́sọ̀ fún wọn fi gbà láti dá ọjà padà, oṣù mẹ́rin sì ti kọjá. Ìyá ọmọ náà ló san gbèsè rẹ̀ láti inú owó ọjà tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi wá pé, nínú gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, mẹ́ta kan wà tí a kì í rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ni prósẹ́sọ̀ tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù tí í ṣe pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, àti RAM. Ọjọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, ríṣíìtì kan náà. Bí owó kò bá tíì pé, ẹ jẹ́ kí ó ṣì wà níbi tí ó wà. Ohun tí ẹ lè máa rà díẹ̀díẹ̀ ni mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti àpótí tí a ó kó wọn sí. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Àpótí nìkan ni kí ẹ wọn inú rẹ̀ wò, nítorí mọ́dábọ́ọ̀dù ATX gùn tó 305 mílímítà, kò sì lè wọ àpótí kékeré tí wọ́n ṣe fún micro-ATX, èyí tí kì í ju 244 lọ.

Nípa prósẹ́sọ̀, a kò fẹ́ dá sí ìjà àwọn ọ̀dọ́ lórí Intel àti AMD. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ihò AM4 ti AMD ni àwa fara mọ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ń lò ó, nítorí náà mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ wà káàkiri, tuntun àti àlòkù, RAM DDR4 ló sì ń gbà. AM5 tó jáde ní 2022 ń sáré jù ú lọ, ṣùgbọ́n DDR5 nìkan ló ń gbà, owó rẹ̀ sì ga. Ní ti Intel, LGA 1700 tó jáde ní ìparí 2021 ń gba ìran kejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá. Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa: mọ́dábọ́ọ̀dù LGA 1700 kan ń lo DDR4, èkejì rẹ̀ ń lo DDR5, ìyàtọ̀ orúkọ wọn lára páálí sì lè máà ju lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan lọ. Ẹ má fi ojú wo àwòrán páálí lásán, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

DDR4 àti DDR5 jọra bí ìbejì. Eyín 288 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gé àmì sí wọn lára kò dọ́gba, nítorí náà RAM tí kò bá wọlé pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ẹ tún ṣọ́ra fún RAM olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ 16GB tàbí 32GB, tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà Registered tàbí RDIMM lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù ilé kì í gbà á. Ẹ̀ka 8GB méjì sì sàn ju ẹyọ 16GB kan lọ, pàápàá níbi tí prósẹ́sọ̀ ti ń fi RAM kan náà ṣe iṣẹ́ àwòrán. Ní ìparí 2025, owó RAM fò sókè káàkiri ayé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ̀rọ ọpọlọ àtọwọ́dá ń rà á kó. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó pín owó yín sí ọ̀nà, ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe ìṣirò.

Lẹ́tà kan ṣoṣo wà tó ti fa ẹkún nínú ilé púpọ̀: F. Bí ẹ bá rí F ní ìparí orúkọ prósẹ́sọ̀ Intel, bí i i3-12100F, kò ní ohun tí ń gbé àwòrán jáde nínú. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó dínwó díẹ̀ ju i3-12100 lọ yóò tún ní láti ra káàdì àwòrán, owó tó rò pé òun fi pamọ́ yóò sì lọ ní ìlọ́po. Ní ti AMD AM4, G ni ẹ ó máa wá. Ryzen 5 5600G ní i, Ryzen 5 5600 kò ní.

Bí a bá ní kí a tò ó fún ọmọ tó ń ya àwòrán ilé, tí owó kò sì tó fún káàdì àwòrán lónìí, báyìí ni a ó ṣe é: Ryzen 5 5600G, mọ́dábọ́ọ̀dù B450 tàbí B550, RAM DDR4 8GB méjì, àti SSD NVMe 500GB. Káàdì àwòrán lè tẹ̀lé e ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ọmọ bá dé ibi iṣẹ́ tó wúwo bí i Lumion, tí kò ṣeé ṣe láìsí i. Ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá BIOS inú mọ́dábọ́ọ̀dù B450 náà ti mọ prósẹ́sọ̀ yìí, nítorí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ọ̀hún ti wà lọ́jà kí 5600G tó jáde ní 2021. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, òun ni kó bá yín sọ ọ́ di tuntun kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní ti SSD, irú méjì ló ń jókòó sí ihò M.2. Ti SATA kì í kọjá bí 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NVMe lè dé 3,500MB. Ẹ wo inú ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù kí ẹ mọ èyí tí ihò yín ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí páwà páàkì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Òun ló ń fún gbogbo ẹ̀yà yòókù ní iná. Bí ayédèrú bá jó, ó lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n kọ 500 wátì sí lára tó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 5600G jẹ́ 65 wátì, káàdì GTX 1650 jẹ́ 75 wátì, ẹ ka nǹkan bí 50 wátì sí i fún ìyókù. Kò tíì pé 200. Nítorí náà, ojúlówó 450 wátì tó ní àmì 80 PLUS tó fún yín dáadáa, ó sì sàn ju ayédèrú 700 lọ. Púpọ̀ nínú GTX 1650 ni kò béèrè okùn iná àfikún, torí pé ihò inú mọ́dábọ́ọ̀dù ń pèsè 75 wátì náà. Èyí tó bá béèrè, ẹ rí i pé okùn ẹlẹ́yín mẹ́fà wà lára páwà páàkì yín.

Iná wa níbí sì ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń fò. Ẹ ra UPS mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n VA kì í ṣe wátì o. Púpọ̀ nínú UPS tí wọ́n kọ 650VA sí kì í gbé tó 400 wátì.

Àwọn kan á sọ pé: èé ṣe tí a kò fi ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tókunbọ̀, kí a sì máa fi ẹ̀yà kún un? Bí ó bá jẹ́ pé kí ọmọ tẹ̀wé, kí ìyá sì ṣírò owó ọjà ni, àwa gan-an á ní kí ẹ rà á, kí ẹ má wulẹ̀ to nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí a máa fi ẹ̀yà kún un, ìyẹn le. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ihò iná mọ́dábọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ti ọjà, páwà páàkì lásán kò sì ní wọ̀ ọ́. Ẹ tún béèrè ìran prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba Intel tó kéré sí ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ìran kẹfà àti ìkeje fi pọ̀ lọ́jà lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwa onígbàgbọ́. Bí ó bá jẹ́ arákùnrin nínú ìjọ ni yóò bá yín tò ó, ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ẹ má sọ ìfẹ́ di iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ arákùnrin ni ó ń tà á, ẹ gba ríṣíìtì. Ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ prósẹ́sọ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù àti RAM sí i ní kíkún, kí ó kọ iye ọjọ́ tó fi gbà láti pààrọ̀ wọn. Ẹni tó ń ṣe òtítọ́ kì í bínú sí ìyẹn.

Ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ lọ tàbí ṣọ́ọ̀bù ìtòsí yín, ẹ ní kí wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú yín kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Kí wọ́n so ó mọ́ mọ́nítọ̀, kí wọ́n sì ṣí BIOS. Orúkọ prósẹ́sọ̀ yóò hàn níbẹ̀, iye RAM náà yóò hàn. Bí ẹ bá san owó 16GB tí ojú rẹ̀ ń sọ 8GB, ẹyọ kan kò jókòó dáadáa tàbí ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tún un fi, bí kò bá sì yí padà, kí wọ́n fún yín ní òmíràn lójú ẹsẹ̀.