Eyín Tó Ń Dùn: Ta Ló Yẹ Kó Sọ Pé Kí A Yọ Ọ́?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ eyín la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Mile 2 lọ sí Ìyànà-Ìbà tàbí Okokomaiko yóò ti pàdé àwọn tó ń ta oògùn eyín nínú ọkọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀kán kan péré, kòkòrò á jáde, eyín á dákẹ́. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, kẹ́místì ló kàn, oògùn ara ríro àti Ampiclox. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu èèyàn ni: "Ẹ bá mi yọ ọ́ jàre, kí n sinmi." Èrò tèmi ni pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń gba ìpinnu tó jẹ́ ti onímọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ẹ̀sìn wa kò sì fi wá sílẹ̀ láìsí ìtọ́sọ́nà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí eyín ti níyì tó. Nínú ìwé tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi rán Amr ọmọ Hazm sí àwọn ará Yemen, ràkúnmí 100 ni owó ìtánràn ẹ̀mí, ràkúnmí 5 sì ni ti eyín kan ṣoṣo. Ohun tó wọ́n tó báyìí nígbà tó bá wà lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣé ó wá yẹ ká máa jù ú nù bí èèpo ọsàn nítorí pé ẹnu tiwa ló wà? Àmánà ni ara wa, eyín sì wà nínú rẹ̀.

Báwo wá ni dókítà eyín ṣe ń pinnu? Yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò wo ẹnu, yóò fi irin kan eyín náà díẹ̀díẹ̀, yóò fi ohun tútù dán an wò, yóò sì ya ẹ́sírè láti rí gbòǹgbò àti egungun tó wà nísàlẹ̀. Ìdí ni pé ìrora máa ń tan èèyàn jẹ. Al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ ńlá ti ìlú Cordoba ní Andalus, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, ti sọ èyí nínú ìwé rẹ̀ Al-Tasrif. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n gbìyànjú gbogbo ìtọ́jú kí wọ́n tó yọ eyín, nítorí ohun iyì ni. Ó tún ní aláìsàn lè nawọ́ sí eyín tó lera pé òun ló ń dùn, kí wọ́n yọ ọ́, kí ìrora má sì lọ. Àwọn onígbàjámọ̀ aláìmọ̀kan ìgbà yẹn ló ń bá wí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí, àwọn aláìmọ̀kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa.

Ẹ mọ̀ dájú pé kò sí aràn kankan nínú eyín. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà tó kù sí wa lẹ́nu, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Bí ihò náà kò bá tíì jìn, dókítà á gbá a mọ́, á sì dí i, ó parí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá ti wọ inú lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ eyín wà, dídí lásán kò ní ràn án mọ́. Wọ́n á kó ohun tó ti bàjẹ́ kúrò nínú gbòǹgbò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dí i, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á sì fi ìdérí dé e kó má baà fọ́. Èyí tí ó ti fọ́ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là, tàbí tí egungun tó dì í mú ti jẹ tán tó fi ń mì, òun ni yíyọ sábà máa ń tọ́ sí.

Ìrora fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá mọ èdè rẹ̀. Bí omi tútù bá ta eyín, tó sì dákẹ́ ní kété tí omi kúrò, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ṣì gbádùn. Bí ìrora bá pẹ́ kó tó lọ, tàbí tó ń dédé bẹ̀rẹ̀ lóru, inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí ó bá ti ń dùn fún ọ̀sẹ̀ kan tó sì dákẹ́ lójijì, ẹ má tètè sọ pé oògùn inú ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé iṣan inú rẹ̀ ti kú ni, tí ìdọ̀tí sì ń kóra jọ sínú egungun.

Dókítà tún gbọ́dọ̀ mọ ara tó gbé eyín náà. Bó bá bi yín léèrè ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, oyún tàbí oògùn tí ẹ ń lò, kì í ṣe ojú-mìíràn ló ń ṣe. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, ojú ibẹ̀ lè má tètè jiná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní LASU, ọ̀rọ̀ eyín tó ń hù kẹ́yìn kàn yín, nítorí láàárín ọdún 17 sí 25 ló sábà máa ń jáde. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń yọ. Bó bá ń wú léraléra tàbí tó ń ba eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí kò lárùn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2000 ni ìlànà ti wà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbọ̀n tàbí ọrùn bá wú, tí ẹnu kò ṣeé là, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, tí ibà sì wà, ẹ má dúró di ọ̀la. Ìwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun, kó sì pa èèyàn. Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù ni kí ẹ sáré lọ. Wọn yóò sọ bó bá yẹ kí ẹ dé LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà nìyí?" Rárá. Àwọn tí hadíìsì ṣẹ́bi lé ni àwọn tó ń fi irin ya èjí nítorí ẹwà. Ìtọ́jú àìsàn yàtọ̀. Nígbà tí imú Arfaja ge lójú ogun, tó fi fàdákà ṣe òmíràn tó sì ń rùn, Ànábì ní kó fi wúrà ṣe é. Lórí èyí làwọn onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ eyín kà. Bákan náà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkì àgbáyé tó jókòó ní Jeddah lọ́dún 1997 sọ pé yíyọ eyín tàbí dídí i kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bí èèyàn bá ti ṣọ́ra kó má gbé nǹkan mì. Nítorí náà, ààwẹ̀ kì í ṣe àwáwí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ló ń yọ eyín, kì í ṣe àìsàn. Fífọ gbòǹgbò eyín máa ń gba owó àti àkókò ju yíyọ lọ. Dókítà á ní eyín ṣeé gbà là, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọjà Alábà á wo àpò rẹ̀, á ní kí wọ́n yọ ọ́. Ta ni yóò bá a wí? Ibí ni mo ti fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko gbọ́ mi. A ń dáwó ìkómọ, a ń dáwó ìyàwó, a ń ra aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ìtọ́jú àwọn ará wa tí agbára wọn kò ká a. Ẹni tó jẹ́ aláìní nínú wọn sì lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká.

Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé eyín yìí ṣeé gbà là? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi í sílẹ̀? Bí a bá yọ ọ́, kí ni yóò rọ́pò rẹ̀? Bó bá sì ní yíyọ ló kù, ẹ má bá a jà. Kí ẹ sì rí i dájú pé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria. Ànábì wa ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn ni yóò ru ẹrù ohun tó bá bàjẹ́.

Orín àtà àti mìswákì dára. Súnnà ni ríran ẹnu. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ni wọ́n wà fún, wọn kò lè dí ihò tó ti lu. Ẹ fọ eyín kí ẹ tó sùn, ẹ dín mínírà àti súìtì àwọn ọmọ kù, ẹ sì lọ kí dókítà kó tó di pé ó ń dùn.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, kó sì jẹ́ ká lè ṣọ́ àmánà ara wa. Āmīn.