Ta Ni Ó Tó Ẹni Tí À Ń Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ti inú odù kan pàtó jáde, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo odù, nítorí ó kan àwọn tí odù ń ti ẹnu wọn jáde.

Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ní òfin nípa ẹni tí ó yẹ kí ó ní ojú ìwé tirẹ̀. Òfin náà kò béèrè bí ènìyàn ṣe gbọ́n tó tàbí bí ó ṣe ṣe rere tó. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ àwọn ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ tàbí ẹni tí ó bẹ̀ lọ́wẹ̀, ti kọ ọ̀rọ̀ tí ó kún nípa rẹ̀ sínú ìwé tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé? Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, ó wọlé. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí. Kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti kọ nípa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú yìí tí a bí ní 1910. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, ó ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì ìlú. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, àgbà awo kan lè jókòó ní agboolé rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, kí ó tẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn nífá, kí àwọn babaláwo máa ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ẹsẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì re ìwàlẹ̀ àsà láìsí ìwé ìròyìn kan tí ó dárúkọ rẹ̀. Ìlú mọ̀ ọ́n. Ìwé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a yà sí Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí wa. Ní 1951, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, gba ohùn Sàlàkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Sàlàkọ́ jẹ́ awo tí ó ń fi ẹ̀ẹ́rìndínlógún dífá. Ní 1980, àwọn ẹsẹ náà jáde nínú ìwé Bascom tí ó ń jẹ́ Sixteen Cowries. Bascom ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú Wikipedia, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ẹsẹ ta ni ó wà nínú ìwé náà? Ẹni tí ó kó irè wálé gba oyè. Ẹni tí ó gbìn ín ńkọ́? Ọpẹ́lọpẹ́ pé Bascom dárúkọ awo náà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ohùn ì bá kù, orúkọ ì bá sì ti sọnù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ní 2018, wọ́n kọ ojú ìwé kan nípa Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì ará Kánádà, fún Wikipedia, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà pé ẹ̀rí tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an, obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel. Iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà fún ti pé ọgbọ̀n ọdún ó lé. Àìkọsílẹ̀ kò sọ pé ènìyàn kò ṣe nǹkan kan.

Síbẹ̀, èmi kò ní kí wọ́n fọ́ òfin náà. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè jí kí ó fi ara rẹ̀ jẹ Olúwo lórí Facebook. Àwa náà kì í gba ẹnu ẹnìkan gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a máa gbè é; bí ó bá ṣì í, wọn a dá a dúró. Ifá náà ń béèrè ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ń kì í bó ti tọ́ yóò kọ́kọ́ dárúkọ awo tí ó dá Ifá ọ̀hún, kí ó tó sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí ó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá a fún lè jẹ́ ọba, ó sì lè jẹ́ àgbẹ̀, àgàn tí ń wá ọmọ, ẹyẹ tàbí igi oko. Òkìkí kọ́ ni Ifá fi ń yan wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn wọn ni.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún ìhà méjì. Ẹ̀yin olóòtú ìwé-ìmọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn àgbà di ẹ̀rí. Ní 2011, Achal Prabhala ará Íńdíà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú àbá yìí jáde nínú fíìmù People are Knowledge: kí á gba ohùn àwọn tí ó mọ nǹkan sílẹ̀, kí á sì tọ́ka sí i bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé. Bí àgbà mẹ́ta láti agboolé mẹ́ta bá jẹ́rìí ohun kan náà, èwo ni kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ má dúró de Bascom mìíràn. Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ yín, nítorí awo kan wà tí kò ṣe é gbé sí gbangba. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, agboolé rẹ̀, ọjọ́ tí ó sọ ọ́ àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ òun náà. Ẹ pe oníròyìn àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá, kí ẹlòmíràn náà lè kọ ọ́. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá sì kọ ẹsẹ kan síta, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹni tí ó ń kì Ifá láìdárúkọ olùkọ́ rẹ̀ ti ṣe sí i ju ohun tí Wikipedia ṣe lọ. Ìwé kò mọ bàbá wa. Àwa mọ̀ ọ́n, a sì dákẹ́.

Kí Ifá má jẹ́ kí orúkọ àwọn tí ó kọ́ wa parẹ́ mọ́ wa lẹ́nu. Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè o.