Ẹ Má Gba Oògùn Lọ́wọ́ Ọmọ Tó Ní Wárápá

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ẹ dákun ẹ gbọ́ mi. Ohun tí mò ń rí láàárín wa ń bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ tó ní wárápá bá lo oògùn fún oṣù mẹ́fà tí kò sì ṣubú mọ́, ará ilé á ní ara rẹ̀ ti yá, wọ́n á ní kó jáwọ́. Ara rẹ̀ kò tíì yá o! Oògùn ló ká àìsàn náà lọ́wọ́ kò.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ń fi iná tín-ín-tín bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wárápá bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò ọjà tí iná ṣẹ́ yọ láàárín wọn. Ìgbà náà ni ọmọ ń ṣubú, tí ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oògùn bíi carbamazepine a máa dí ẹnu ọ̀nà tí èròjà sodium ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí igbe náà má baà máa wáyé léraléra. Phenobarbital, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1912, a máa ti èròjà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ fi ń pẹ̀tù sí sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn. Kò sí èyí tó ń fa àìsàn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àfi kí wọ́n wà nínú ẹ̀jẹ̀ dé ìwọ̀n kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Ìyá tó ń dá hóró kan sí méjì nítorí owó rò pé òun ń ṣọ́ oògùn lò ni, àmọ́ ó ń ṣílẹ̀kùn fún wárápá. Bí ẹ bá sì dá a dúró lójijì, gìrì lè máa dé léraléra láìdáwọ́ dúró, ó sì lè gbẹ̀mí ọmọ.

Ti ọmọ tó ń bàlágà le jù. Ara rẹ̀ ń dàgbà, nítorí náà ìwọ̀n oògùn tó tó o lọ́mọ ọdún mẹ́wàá lè má tó o mọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àìsùn lè mú kí wárápá dé, ẹ sì ń mú un lọ sí ìṣọ́ òru. Òun náà ń fòru kàwé fún ìdánwò WAEC. Lẹ́yìn èyí ni ìtìjú. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa máa ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, títí ìyá rẹ̀ fi ká ẹní nílẹ̀ tó bá àwọn hóró funfun náà níbẹ̀. Kò nà án, mo sì yìn ín. Ó bi í léèrè ni: oògùn ń mú un sùn ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀sín. Dókítà tún ìwọ̀n àti àkókò rẹ̀ ṣe.

Ọmọbìnrin ńkọ́? Valproate, oògùn wárápá mìíràn, lè ṣe ọmọ inú aboyún tó bá ń lò ó léṣe: nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àbùkù ara. Carbamazepine sì ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró di aláìlágbára. Ẹ má ní ọmọ yín kò tíì mọ ọkùnrin. Ẹ bi dókítà nísinsìnyí, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín.

Àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ńkọ́? Ẹ dà á nù. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí dúró. Bí ọmọ bá ṣubú, ẹ dà á dé ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fẹsẹ̀ rẹ̀ kaná. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í ranni. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má sì pe wárápá ní èpè ìdílé; àìsàn tó wọ́pọ̀ ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣèwádìí ní ìlú Ìgbò-Ọrà, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i pé ó lé ní ènìyàn 5 nínú 1,000 tó ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ìtọ́jú bá péye, ó tó ènìyàn 7 nínú 10 tó ní wárápá tí gìrì lè fi sílẹ̀.

Bí ọmọ bá lo ọdún méjì láìṣubú, dókítà lè rò ó bóyá kó máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́.