Ẹ MỌ ÀDÚGBÒ YÍN KÍ ÀÌSÀN TÓ DÉ

Ọ̀rọ̀ òní wà fún àwọn ọmọ wa tó ti ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti fún àwa òbí tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún ní aago kan òru níbí ní Òkè Baálẹ̀. Obìnrin kan tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ ló ń pè mí láti Manchester. Ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń bì. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, oògùn wo ni kí n fún un?" Mo bi í pé ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ wọn jù. Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀! Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlúbọ́, ó mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ dókítà nìkan ni kò mọ̀.

Mo ní kó tẹ 111. Wọ́n júwe ibi tí yóò gbé ọmọ lọ, ara rẹ̀ sì ti yá. Ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi. Àìmọye ìgbà ni mo ti dárúkọ oògùn fún ọmọ tí n kò fọwọ́ kàn. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù owó ló ń ba àwọn kan. Ẹ gbọ́: ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Kò pọn dandan kí ẹ mú físà tàbí ìwé ilé dání. Ọ̀pọ̀ yín ti san owó ìlera mọ́ físà, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà. Àwọn tó gba físà òṣìṣẹ́ ìlera kò tilẹ̀ san án. Kí ló wá kù?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀:

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, gbogbo ilé, títí kan ọmọ ọwọ́.

2. Ẹ mọ nọ́ńbà méjì. 999 ni ti pàjáwìrì: gìrì, àìlèmí dáadáa, dídákú, àyà ríro. 111 wà fún èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tọ̀sán-tòru.

3. Ẹ mọ ilé apòògùn tó sún mọ́ yín. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, apòògùn ní England lè tọ́jú àìsàn kéékèèké méje, bí ọ̀nà ọ̀fun dídùn, láìjẹ́ pé ẹ rí dókítà. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn ta oògùn bí Ampiclox fún yín bíi ti kẹ́mísì ìsàlẹ̀ ilé wa.

4. Bí ara bá ń gbóná, ẹ sọ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ibà tí ẹ̀fọn ti fi síni lára nílé lè farahàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà ibẹ̀ sì lè má tètè rò ó.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bi aládùúgbò, ẹ bi olùkọ́ ọmọ yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé di oògùn sínú gàrí ránṣẹ́. Bí ọmọ bá pè, tí ẹ bá ti bi í pé "Ṣé o ti jẹun?", ẹ tún bi í pé "Níbo ni ọ̀dọ̀ dókítà rẹ?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má jẹ́ kó sùn lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni yín tó wà lókè òkun.

Nọ́ọ̀sì yín, Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo.